IR Celestion tí mo rà fún gìtá mi: oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń lò ó ní Àbújá

IR (impulse response) ni fáìlì kékeré tó ń mú kí gìtá dún bíi pé ó gba inú sípíkà gìtá jáde, Celestion dẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà gìtá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lugbe níbí, a ní amp gìtá kan (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde) tẹ́lẹ̀, sípíkà inú ẹ̀ ya lọ́dún tó kọjá, látìgbà yẹn ni mo ti ń ki wáyà látinú pẹ́dàlì mi (àpótí kékeré tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń yí ohùn gìtá padà) bọ míksà tààrà. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ ohùn tó máa ń jáde, bí eṣinṣin tó há sínú agolo mílíìkì. Àbúrò tó ń bá wa ṣe sáúǹdì á kàn fa gìtá mi wálẹ̀, á ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó ń gún àwọn ìyá létí." Mi ò bínú sí i, òótọ́ ló ń sọ.

Ohun tó fa ìyẹn ni pé sípíkà gìtá yàtọ̀ sí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ohùn ló fẹ́ gbé jáde, èyí tó ki àtèyí tó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n sípíkà gìtá oní-ínṣì 12, tí ohùn bá ti gòkè dé bíi 5kHz, kì í gbé e mọ́, ó máa ń já wálẹ̀ lójijì ni. Gbogbo híhan tó wà lókè yẹn, òun ló máa ń bá wa gé e dànù, a ò dẹ̀ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ sípíkà gìtá kúrò, distortion (ohùn gìtá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó ya) tó dùn lánàá á di ariwo lásán. IR wá jẹ́ fáìlì ohùn WAV kékeré tó gba ìwà sípíkà yẹn sílẹ̀. Wọ́n á rán ohùn kan tó ń gòkè látìsàlẹ̀ gba inú sípíkà, wọ́n á gbé máìkì síwájú ẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá yọ ohun tí sípíkà, àpótí ẹ̀ àti máìkì fi kún ohùn náà tàbí tí wọ́n yọ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kó o sínú pẹ́dàlì, gìtá yín á máa gba ibẹ̀ kọjá kó tó dé míksà. Fáìlì náà kì í gùn rárá, pẹ́dàlì tèmi sample (ègé ohùn) 1024 ló ń kà, ní 48kHz, ìyẹn ègé 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ò ju milisẹ́kọ́ńdù 21 àti díẹ̀ lọ.

Kó tó di pé mo ra ti Celestion, mo ti kọ́kọ́ ra àpò IR ńlá kan lọ́wọ́ àwọn kan tí mi ò ní dárúkọ. Fáìlì inú ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, orúkọ wọn kìkì lẹ́tà àti nọ́ńbà, mi ò mọ èwo ni máìkì èwo ni sípíkà. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń jókòó lálẹ́, hẹ́dífóònù létí, mo ń tẹ ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì títí iná fi máa lọ, nígbà tó bá fi máa tó fáìlì ogún etí mi ti kú, gbogbo ẹ̀ ti ń jọra. Mo wá mú ọ̀kan tó dùn mọ́ mi nínú gan-an, ó kún, ó ní báàsì, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, bí báàsì gìtá àti gángan ṣe wọlé báyìí, wọn ò gbúròó gìtá mi mọ́. Ó dùn mí o. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tó dùn nígbà tó jẹ́ èmi nìkan ní yàrá, tó kún fọ́fọ́, àyè báàsì àti ìlù ló gbà, tí wọ́n bá sì dé, wọ́n á gbàyè wọn padà.

Ti Celestion yàtọ̀ torí pé wọ́n máa ń tà á ní sípíkà kọ̀ọ̀kan, àwọn gan-an ló dẹ̀ ń ṣe sípíkà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ra sípíkà kan, ẹ máa bá a nínú oríṣiríṣi àpótí, oní-sípíkà kan, méjì, mẹ́rin, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí àtèyí tí wọ́n dí. Máìkì mẹ́ta ni wọ́n lò jù, Shure SM57, Sennheiser MD421 àti Royer R-121, ibi tí wọ́n gbé máìkì sí dẹ̀ ní orúkọ tó yé èèyàn, Balanced, Bright, Dark, Fat, Thin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan gba orí mi lọ́wọ́ wàhálà, torí tí ohùn bá ń ta mí létí, mo mọ̀ pé kí n kúrò ní Bright lọ sí Dark, mi ò ní máa fọwọ́ tá kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Owó dọ́là ni wọ́n ń gbà o, káàdì náírà mi kọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ní káàdì dọ́là ló bá mi san án.

Mo ra mẹ́ta. Vintage 30 ni mo kọ́kọ́ rà torí gbogbo ayé ló ń pariwo ẹ̀, látọdún 1986 ló ti wà, ó dẹ̀ dáa fún rọ́ọ̀kì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibì kan láàárín sí òkè tó máa ń yọ sókè, tí mo bá fi ta gìtá highlife tàbí jùjú, ohùn okùn máa ń le jù. Èkejì ni G12M Greenback, wáàtì 25. Èyí rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, báàsì ẹ̀ ò le, mo fẹ́ràn ẹ̀ tí wọ́n bá ń kọrin ìsìn tó falẹ̀, tí mo kàn fẹ́ fi overdrive (distortion tí kò le) díẹ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta ni Celestion Blue. Ẹ̀yin èèyàn mi, èyí ni mo tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo eléyìí. Wáàtì 15 péré ni sípíkà náà, alnico (irin àdàlù) ni mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀, òun ló wà nínú amp Vox AC30 ayé àtijọ́. Mo mú èyí tí ẹ̀yìn àpótí ẹ̀ ṣí, máìkì Royer, Balanced. Tẹ́ ẹ bá mọ bí gìtá àwọn Ebenezer Obey àti Sunny Adé ṣe máa ń dún, tó mọ́, tó ń dán, tí okùn kọ̀ọ̀kan ń dá sọ̀rọ̀ tí kò dẹ̀ gún etí, ibẹ̀ ló gbé mi lọ. Nígbà tí gángan bá dákẹ́ díẹ̀ tí mo dá a lóhùn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe yan án rèé. Mo gba ìṣẹ́jú kan gìtá ara mi sílẹ̀ láì fi IR sí i, highlife díẹ̀, overdrive díẹ̀. Lọ́jọ́ Saturday tá a bá ń dánra wò, mo máa ń jẹ́ kó ṣáà máa yí lọ látinú sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, báàsì àti ìlù ń lọ pẹ̀lú ẹ̀, mo wá ń pààrọ̀ IR láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn níbi tí àwọn èèyàn ń jókòó sí. Kò ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò sáúǹdì máa ń mú bí gbogbo wọn ṣe ń pariwo dọ́gba ká tó gbọ́ wọn, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo jù ni etí máa sọ pé ó dáa jù, irọ́ dẹ̀ ni. Vintage 30 fẹ́ẹ̀ tàn mí jẹ báyẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì: mo gé ìsàlẹ̀ ní 90Hz, òkè ní 7kHz, lórí IR gbogbo. Tẹ́ ẹ bá rí amp tó ní sípíkà tiẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣeré, ẹ pa IR, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sípíkà méjì lẹ gbé lé ara wọn, ohùn á dì bí ẹni fi irọ̀rí bò ó. Ẹ dẹ̀ wo sample rate (bíi 48kHz tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan) tí pẹ́dàlì yín fẹ́ kẹ́ ẹ tó kó fáìlì sí i. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé IR ò lè ṣe bíi sípíkà tó ti ń gbóná, tó ń ya díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ le, bákan náà ló máa ń ṣe ní kékeré àti ní ńlá. Mo ṣì ń rántí amp wa nítorí ìyẹn.

Nínú gbogbo àyè tó wà nínú pẹ́dàlì mi, mẹ́ta péré ni mo lò. Blue wà ní àkọ́kọ́, Greenback ìkejì, Vintage 30 wà ní ìkẹta fún ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́ lóṣooṣù, torí wọ́n fẹ́ràn rọ́ọ̀kì. Gìtá mi ti wà lókè ní míksà láti bíi oṣù mẹ́fà, àbúrò ò fà á wálẹ̀ mọ́.