Wọ́n ní kí n sọ iye èrò: ìnṣọ́ránsì tí a gbà fún bọ́ọ̀sì tí a sọ di ilé ní Àgbádárìgì

Ìwé kan ló mú mi jókòó kọ èyí. A ti sanwó tán kí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó fi í ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé: bọ́ọ̀sì akérò, èrò 26. Èrò wo? Àga méjì péré ló kù nínú Coaster wa, ti awakọ̀ àti ti ẹni tó bá jókòó tì í. Ibi tí àwọn èrò ń jókòó sí nígbà kan, ibùsùn ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú sítóòfù gáàsì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí káfíńtà kan ní Tópò fi wá ṣeré títí kó tó parí rẹ̀. Mo ti sọ gbogbo èyí fún wọn lẹ́nu. Mo ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Mo tún fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó gbà á kàn na àtàǹpàkò sí mi ni.

Ẹ má ní ọ̀rọ̀ kékeré ni o. Bí ohun tó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lójú títì, ọjọ́ tí ẹ bá lọ béèrè owó gbà-máà-bínú ni wọ́n á tó rí i. Wọ́n á ní ẹ ò sọ òótọ́ fún àwọn, ó parí.

Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí third party. ₦15,000 ni fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìíní ọdún 2023, wàhálà rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá kọlù àti dúkìá rẹ̀ ló wà fún. Bí iná bá jó ilé yín tó ní táyà, ẹ̀yin nìkan lẹ máa sun ẹkún rẹ̀. Comprehensive, èyí tó kan ọkọ̀ tiwa fúnra rẹ̀, ni à ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ mọ́tò níwà, ó dìde kí mi, ó fún mi lómi. Kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ ni kò níwà.

"Màmá, èrò mélòó ló ń gbé?"

"Kì í gbé èrò. Èmi àti bàbá nìkan ni."

"Kọ̀ńdọ́ ńkọ́?"

"Ọmọ mi, a ò ní kọ̀ńdọ́. Inú ẹ̀ là ń sùn."

Ó ní bó bá jẹ́ pé inú ẹ̀ là ń sùn, kí n lọ bá àwọn tó ń ṣe ti ilé. Mo kọjá sí tábìlì kejì. Obìnrin ibẹ̀ bi mí pé kí ni wọ́n fi mọ ògiri. Mo ní irin ni. Òrùlé ńkọ́? Irin náà ni. Ó ní kí n sọ àdírẹ́sì ilé. Mo ní ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí ni. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ti mọ́tò lèyí." Ni mo bá tún padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin yẹn, ó sì tún bi mí pé èrò mélòó.

Ẹ sì wò ó, bàbá ti lọ pààrọ̀ nọ́ńbà pupa tí ọkọ̀ náà ní nígbà tó ń kérò. Búlúù ni nọ́ńbà wa, ìwé ọkọ̀ náà sì ti di ti àdáni. Kò wọ̀ wọ́n létí. Lójú tiwọn, Coaster kò lè jẹ́ ti tọkọtaya.

Bùrókà kan, alágbàtà ìnṣọ́ránsì, lápá Agbára ló tú kókó ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí a má bá wọn jiyàn mọ́, kí a ní kí wọ́n rán ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò wá. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan, ẹnjiníà. Bàbá ti múra ìjà sílẹ̀ dè é. Ọmọ yìí dé ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o, sà. Ẹ kú ilé, mà." Bàbá bá ní kí n wá nǹkan fún àlejò jẹ.

Kò jẹun. Kọ́bọ́ọ̀dù tí sìlíńdà gáàsì wà nínú rẹ̀ ló lọ bá tààrà, ó ń fi ìka tọ ìdí rẹ̀ kiri. Ihò atẹ́gùn wà lókè, kò sí nísàlẹ̀. Ó ní gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, pé bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa tẹ́ sí, á sì máa kó jọ síbẹ̀ títí ẹnì kan á fi ṣáná. Kí wọ́n lu ihò gba ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà jáde síta pátápátá. Wẹ́dà Ajárá tó gbowó lọ́wọ́ wa kò mẹ́nu bà á rí. Ó tún ní kí a gbé ohun ìpaná kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù lọ sẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò sí ẹni tó máa la iná kọjá lọ mú un. Ó wá tan tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé wáyà láti ìdí bátìrì sólà dé ìdí ìnfátà, ó ń wá fíúsì. Ó bá a níbẹ̀, ó mi orí. Bàbá ló fi í síbẹ̀. Kò sí ẹni ládùúgbò tí kò tíì gbọ́.

Ká ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn parí sí ni, ǹ bá yìn wọ́n délé.

Ọ̀rọ̀ iye owó ọkọ̀ ló tún kàn. Òfin ní owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye tí wọ́n bá dá lé ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní mílíọ̀nù 10 ni, ẹ ó san ₦500,000, ó kéré tán. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì lásán ni wọ́n fẹ́ ṣírò, bí ẹni pé sólà hù sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bùrókà ló ní kí n gba rìsíìtì lọ́wọ́ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì mú ẹni tó ń díyelé ọkọ̀ wá. Káfíńtà Tópò ò kọ rìsíìtì rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo pè é, òun ló kọ ọ́, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ilé ẹjọ́ ni mò ń gbé e lọ.

Ìwé tuntun pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé: ọkọ̀ àdáni, àga 2, tí a tún ṣe fún gbígbé. Bùrókà bá wa yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí NIID, àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ sí, ó wà níbẹ̀. Inú mi dùn títí mo fi ka ẹ̀yìn ìwé. Ohun tí a bá kàn mọ́ ara ọkọ̀ nìkan ni wọ́n máa san. Tẹlifíṣọ̀n tí a fi bóòtù dè mọ́ ògiri wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò sí níbẹ̀. Bàbá ti ń wá bóòtù tó máa gba ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá bíi tiwa, ẹ béèrè Brown Card, káàdì ìnṣọ́ránsì fún ọkọ̀ tó bá kọjá ẹnubodè, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kùtọnu lọ́dún 1982. Ìwé tiwa kọ ọ́ pé Nàìjíríà nìkan ni. Ọmọkùnrin ìdí mọ́tò ní òun kò rí káàdì náà nínú kọ̀ǹpútà. Bùrókà ló bá wa gbà á. Ẹ rántí pé ẹni tí ẹ bá kọlù lọ́hùn-ún ló wà fún, kì í ṣe bọ́ọ̀sì tiyín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bàbá ní méjì ti pọ̀ jù fún wọn. Kí òun náà lọ kọ tirẹ̀.