Kí ẹ tó ra hot rod àtijọ́: ti eré àbí ti oge?

Níbi ìpàtẹ ọkọ̀ àtijọ́ ní Kalifọ́níà, kò ṣòro kí Ford 1932 àti Mercury 1949 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀dà àwọn méjèèjì máa dán gbinrin, kí olùtajà sì pe méjèèjì ní hot rod, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì tàbí ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fara balẹ̀. Eré ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe ọ̀kan, oge ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe èkejì, ìnáwó wọn kò sì jọra.

Ford 1932, ọmọ eré

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Kalifọ́níà ti ń wa Ford àlòkù lọ sórí adágún gbígbẹ bíi Muroc láti fi sáré. Ní 1937, wọ́n dá SCTA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ní Gúúsù Kalifọ́níà, sílẹ̀ kí eré náà lè ní òfin. Ti 1932 wù wọ́n nítorí pé ó fúyẹ́, ó ní ẹ́ńjìnnì V8 (onísìlíńdà mẹ́jọ), ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà sì lè rí àlòkù rẹ̀ rà. Agbára ẹṣin 65 péré ni ẹ́ńjìnnì yẹn gbé wá láti ilé iṣẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹrù ọkọ̀ kù: wọ́n tú mọ́gáàdì dànù, wọ́n gé òpó òrùlé kúrú kí atẹ́gùn má baà dá a dúró. Ìrísí tí gbogbo èèyàn ń gbóṣùbà fún lónìí, eré ló bí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọkọ̀ yìí.

Mercury 1949 sí 1951, ọmọ oge

Èyí kò bá ẹnikẹ́ni sáré. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi George àti Sam Barris gé òrùlé tirẹ̀ náà, àmọ́ nítorí ojú ni. Wọ́n yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, wọ́n sì fi òjé yíyọ́ dí oríkèé ara rẹ̀ títí ó fi dà bíi pé ẹyọ irin kan ni. Ó wúwo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń lọ, àga rẹ̀ sì gba ìyàwó àtọmọ.

Ọkọ̀ kan lè jẹ́ méjèèjì o. Ford 1929 ti Bill NieKamp gba àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó rẹwà jù ní Oakland ní 1950, ó sì sáré máìlì 142 ní wákàtí kan lórí adágún gbígbẹ El Mirage ní 1952. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì

Ibí lowó yín wà. Ẹ́ńjìnnì Ford àtijọ́ máa ń gbóná jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, torí inú búlọ́ọ̀kù rẹ̀, láàárín omi tó yẹ kó tù ú, ni èéfín gbígbóná ń gbà jáde. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò, V8 kékeré tí Chevrolet gbé jáde ní 1955 ni kí ẹ wá: páàtì rẹ̀ kò wọ́n, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n sì pọ̀.

Bíréèkì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá irin ló ń fa bíréèkì Ford 1932. 1939 ni Ford tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo bíréèkì olómi. Tí ẹ bá rí ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 300 lórí bíréèkì ayé ọjọ́un, oge ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀mí yín ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Àyẹ̀wò

Ẹ fi aṣọ wé òòfà, kí ẹ fi kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ibì kankan lára Ford, fáíbà ni bọ́dì rẹ̀, kì í ṣe irin, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Lára Mercury, òòfà kì í lẹ̀ mọ́ òjé, kì í sì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Òjé dáa, pọ́tì tó nípọn ló máa ń sán. Ẹ béèrè fọ́tò ìgbà tí irin rẹ̀ ṣì wà níhòòhò.

Lẹ́yìn náà, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ tan iná sábẹ́ ọkọ̀. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá ti họ ọ̀dà abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wà á. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ń dán bí òkè rẹ̀, orí tírélà ló ti ń rìn. Ẹ ní kí olùtajà ṣáná sí i, kó gbé yín rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí owó tó jáde lápò, kí ẹ má sì gbójú kúrò lára aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó.