Tọ́lẹ́ẹ̀tì Àlejò Abẹ́ Àtẹ̀gùn: Èwo Ni Ká Rà, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀ Lọ́jà?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àlejò máa ń bi onílé nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo la ti lè tọ̀?" Tó bá ti wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn, ìbéèrè parí nìyẹn. Kò ní pariwo látinú ibẹ̀ pé èwo lòun máa tẹ̀, pé omi ò yọ, pé iná ti lọ. Ohun tó bá lè ṣe ló máa ṣe. Èyí tí kò bá lè ṣe, á fi í sílẹ̀ dè yín, á jáde, á sì kí yín pé ó dàbọ̀.

Ọgbọ́n tí mo fi ra gbogbo ohun tó wà nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ilé wa n'Íbàdàn nìyẹn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní gígùn. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra yìí, ohun kan ni mo ń wò: ṣé ẹni tí kò wọ ilé yìí rí lè lò ó láìpe ẹnikẹ́ni, lọ́jọ́ tí kò síná, tí omi ò sì sí nínú tánkì? Mi ò ní kọ iye owó síbí. Èyí tí mo bá kọ lónìí, ọjà á ti gbé e kọjá kí ẹ tó kà á tán. Mo kàn máa sọ èyí tó wọ́n ju èkejì.

Páìpù ló ń yan WC, kì í ṣe ojú

Ẹ̀yà WC, ìyẹn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, méjì ló wà tó bá di ibi tí ìdọ̀tí ń gbà jáde. Ti S-trap, ilẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ dojú kọ. Ti P-trap, ògiri ẹ̀yìn ló dojú kọ, àárín ẹnu rẹ̀ sì sábà máa ń ga tó sẹ̀ntímítà 18 sílẹ̀. Tí ilé bá ti dúró, tí símẹ́ńtì ti gbẹ, èyí tí páìpù yín bá gbà lẹ máa rà, kò sí ìdíje níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ni, tí ògiri ẹ̀yìn sì jẹ́ ògiri ìta, P-trap ni mo fara mọ́. Páìpù á gba inú ògiri bọ́ síta tààrà, tó bá sì dí, ìta lẹ ti máa tú u, ẹ ò ní fọ́ táìsì kankan.

S-trap la bá nílẹ̀ nílé tiwa, ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n. Mo rí WC funfun kan lọ́jà, ara rẹ̀ ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, mo sanwó, mo gbé e wálé. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé àárín ihò ìdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12. Láti ògiri dé àárín páìpù wa jẹ́ íǹṣì 7. Ọ̀gá púlọ́ńbà wò mí: "Mọ́mì, ṣé ẹ wọn ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ?" Mo dákẹ́. Tánkì ti kan ògiri tipẹ́ kí ihò tó dé orí páìpù. Ẹni tó tà á fún mi ní ọjà tó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun kì í padà. A fọ́ ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú téèpù. Ẹ wọn láti ojú ògiri dé àárín páìpù, kí ẹ sì ro nínípọn táìsì mọ́ ọn tí wọn ò bá tíì lẹ̀ ẹ́. Ẹ wọn láti àárín páìpù dé ògiri ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: tí kò bá tó íǹṣì 15, ìgbọ̀nwọ́ èèyàn á máa ha ògiri. Iwájú àwo gbọ́dọ̀ ṣẹ́ íǹṣì 21 kù, ó kéré tán, kí orúnkún lè rí àyè. Abẹ́ àtẹ̀gùn tún ní wàhálà tirẹ̀, ìyẹn gíga. Ibi tó rẹlẹ̀ ni kí ẹ̀yìn àwo wà, torí ẹni tó jókòó ò nílò gíga, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀. Ọkùnrin ń dúró tọ̀. Bó bá forí gbá kọnkéré, ibi tí ìtọ̀ máa bọ́ sí, Ọlọ́run ló mọ̀.

Omi tó ń tì àti omi tó ń fà

Ìfiwéra tó ká mi lára jù nìyí, àwọn ọlọ́jà kì í sì í sọ ọ́ àyàfi tẹ́ ẹ bá bi wọ́n. WC tí wọ́n ń pè ní washdown, omi ló ń ti ohun tó wà nínú àwo lọ, ọ̀fun rẹ̀ sì gbòòrò. Siphonic, ọ̀fun rẹ̀ tóóró, ó lọ́ bí ejò. Omi á kún inú ọ̀fun yẹn, á wá fa gbogbo ohun tó wà nínú àwo lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Siphonic kì í pariwo, omi inú àwo rẹ̀ fẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ní àbàwọ́n. Washdown ń dún gbàà, ó sì ń fi àmì sílẹ̀ nígbà míì, búrọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ jìnnà sí i. Fún yàrá onílé lókè, níbi tí omi kì í ti í wọ́n, ẹ ra siphonic. Nísàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ ronú sí ọjọ́ ìkómọ. Ẹnì kan lo ìdajì tíṣù, ọmọ ẹnì kejì ju nǹkan sínú rẹ̀, tánkì sì ti ṣófo láti àárọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan tí wọ́n bá dà sínú washdown lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Siphonic fẹ́ kí omi pọ̀, kó sì yára. Àlejò tó bá ń fi abọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀, omi á kàn ga, á rọra lọ, ohun tí wọ́n fẹ́ kó lọ á jókòó síbẹ̀ máa wò wọ́n. Washdown ni mo rà lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sì kábàámọ̀.

Oníbọ́tìnnì àbí ọlọ́wọ́? Bọ́tìnnì méjì orí tánkì, kékeré ń lo bíi lítà 3, ńlá ń lo bíi lítà 6, nígbà tí ọ̀pọ̀ tánkì àtijọ́ ń da lítà 9 lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣọ́ omi lóòótọ́. Àmọ́ bọ́tìnnì yẹn ló de ọmọrí mọ́ tánkì, àlejò ò lè kàn ṣí i kó da omi sínú rẹ̀. Èyí tó ní ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé ọmọrí, ẹ da omi, ẹ fà á, ó parí. Ọlọ́wọ́ ni tiwa.

Ti alápapọ̀ àti oníbejì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tí tánkì àti àwo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan rọrùn láti nù, ó sì wọ́n jù. Èyí tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì so tánkì mọ́ àwo, tí tánkì bá sán, tánkì nìkan lẹ máa wá. WC tó rọ̀ mọ́ ògiri, tí tánkì rẹ̀ fara pamọ́ sínú ògiri, rẹwà, ó sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ irin tó lágbára nínú ògiri, ọjọ́ tí rọ́bà kékeré kan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé púlọ́ńbà àdúgbò ò mọ̀ ọ́n tú. Mi ò ní rà á fún àlejò láéláé.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Èyí tó ti Ìlú Ọba wá máa ń dáa lára, amọ̀ rẹ̀ máa ń le, washdown ló sì sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n P-trap ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Tí páìpù yín bá wà nílẹ̀, ẹ máa ra ìkọ́ tó máa yí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ìkọ́ yẹn á sì tì í síwájú. Ẹ tún ṣí tánkì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ẹ̀rọ inú rẹ̀ lè má sí níbẹ̀ mọ́.

Bésìn

Bésìn ẹlẹ́sẹ̀ ń bo páìpù lójú, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ń jẹ ilẹ̀ tí ẹ ò ní. Oníkọ́bọ́ọ̀dù dára fún kíkó ọṣẹ àti tíṣù pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ kan ara rẹ̀: tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó tẹ̀, láàárín ọdún kan tí omi bá ń ta sí i, á wú bí búrẹ́dì inú tíì. Oníke ló lè fara da omi. Èyí tí mo mú ni kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí kò yọ síta ju sẹ̀ntímítà 25 lọ. Bésìn igun náà wà, tí ilẹ̀kùn yín bá ń gbá gbogbo nǹkan, ẹ lọ síbẹ̀. Èyíkéyìí tó bá rọ̀ mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà kọ́kọ́ fi kọnkéré dí inú búlọ́ọ̀kù níbi tí bóòtù máa wọ̀, torí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde máa fi ọwọ́ tì í.

Wọ́n á fẹ́ ta ẹnu ẹ̀rọ olómi gbígbóná àti tútù fún yín. Omi gbígbóná wo ló wà nísàlẹ̀? Ẹ ra olómi tútù nìkan, èyí tí wọ́n ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yí. Ọwọ́ tí ọṣẹ wà lára rẹ̀ ò lè yí nǹkan róbótó. (Àwọn ará Japan tiẹ̀ ní èyí tí bésìn wà lórí tánkì, omi ìfọwọ́ á lọ kún tánkì tí wọ́n fi ń ṣan ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní àwọn wọ̀nyí gbọ́n jù wá lọ.)

Táìsì dé àárín, àbí táìsì dé òkè?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yàrá tó jẹ́ mítà 1.2 sí mítà 1.5, àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 5.4. Tẹ́ ẹ bá lẹ táìsì ga ní mítà 1.2, tẹ́ ẹ yọ àyè ilẹ̀kùn, tẹ́ ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa fọ́, páálí 5 ti táìsì sẹ̀ntímítà 30 sí 60 ló máa tó o, tí páálí kan bá ní 8 nínú. Tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ ga dé mítà 2.4, páálí 9 ni. Abẹ́ àtẹ̀gùn tó dagun máa dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n gígé rẹ̀ á pọ̀, ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ á sì fi kún owó iṣẹ́ rẹ̀. Èmi lẹ̀ ẹ́ dé àárín, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣeé nù kun òkè. Omi kì í ta kọjá àárín nílé tí wọn kì í ti í wẹ̀. Owó tó ṣẹ́ kù ni mo fi ra díńgí ńlá kan, ìyẹn ló sì jẹ́ kí yàrá náà dà bí ẹni pé ó gbòòrò, kì í ṣe táìsì rárá.

Ti ilẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé ọlọ́jà lọ síbi 60 sí 60 tó ń dán. Nínú yàrá kékeré, gígé ló máa pọ̀ nínú rẹ̀, omi díẹ̀ tó bá sì bọ́ sí i, ó di ibi ìyọ̀ṣubú. Ẹ gba 30 sí 30 tí ojú rẹ̀ ṣe hàrà, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ kó dagun síbi ihò omi. Ní ọjà Cóker, l'Órílé l'Ékòó, ẹ lè rí àjẹkù páálí tó máa tó ilẹ̀ yàrá bẹ́ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́, iná

Ilẹ̀kùn oníke tó ń ká jọ kì í gba àyè, ó sì rọjú lówó. Àmọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì yìí súnmọ́ pálọ̀, gbogbo ohun tó bá dún níbẹ̀ ni pálọ̀ máa gbọ́, àlejò náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Onípákó ń pa ohùn mọ́, ẹ ṣáà fi ọ̀dà kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Síta ni kó máa ṣí. Ẹni tó bá ṣubú sínú yàrá tóóró, ara rẹ̀ náà ló máa ti ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú.

Fèrèsé àti fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde: tí fèrèsé bá ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ bùṣe, kì í gba iná. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé fáànù sí páìpù íǹṣì 4 tó bọ́ síta, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ ínfátà, torí fáànù tí kò síná jẹ́ ihò lásán. Gílóòbù tó ń gba iná pamọ́ sínú, tó ń tàn bí iná bá lọ, wọ́n díẹ̀ ju ti lásán, ṣùgbọ́n ó tọ́ níbí. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má pa swíìṣì rẹ̀, torí tí wọ́n bá pa á, kò ní tàn nígbà tí nẹ́pà bá gbé iná lọ.

Ṣàtáfù, ìyẹn rọ́bà omi tí wọ́n fi ń fọ ìdí, àti kẹ́túlù àlùwàlá, ẹ ní méjèèjì. Nísàlẹ̀ ni omi tánkì ti ń lágbára jù, tí àlejò bá gbàgbé láti ti ẹnu ẹ̀rọ ara ògiri, rọ́bà ṣàtáfù lè bẹ́ lóru. Èyí tí wọ́n fi irin hun ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà.

Ọ̀kan wà tí ọjà ò lè tà fún yín. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù nínú ilé. Nígbà òjò, tí sókàwéè bá kún, àwo ibẹ̀ ni omi máa kọ́kọ́ gbà padà wọlé. Kí ẹ tó lẹ táìsì kankan, ẹ rí i pé ilẹ̀ yàrá náà ga ju ọmọrí ihò ìta lọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́mọrí kan àti abọ́ kan á wà ní igun. Ẹ má ra aláwọ̀ dúdú. Ẹ ra èyí tí èèyàn lè rí omi inú rẹ̀ látìta, kí àlejò lè mọ̀ bóyá omi wà kó tó jókòó.