ZZ àbí snake plant, èwo ni kẹ́ ẹ gbé sí páálọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ewéko tí ò ní dà yín láàmú nínú ilé, orúkọ méjì yìí náà ni wọ́n á máa pè fún yín ṣáá. Mo ní méjèèjì nílé, mo sì fẹ́ràn wọn gan-an, àmọ́ ibi tó bá ìkan lára mu kọ́ ló bá èkejì mu o.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ṣe kókó jù. Wọ́n á ní snake plant ò kọ òkùnkùn, òótọ́ ni pé kò ní tètè kú, ṣùgbọ́n kó má kú nìkan kọ́ la fẹ́, tó bá ti jìnnà sí wíńdò á kàn dúró síbẹ̀ ni, ewé tuntun tó bá sì jàjà yọ á tínrín, á máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ti ZZ, igun páálọ̀ tóòrùn kì í dé yẹn náà lewé ẹ̀ á ti máa dán, á sì máa rú díẹ̀díẹ̀. Ẹ má retí kó yára ṣá, ewéko yìí kì í kánjú rárá.

Omi àpọ̀jù ló ń pa àwọn méjèèjì. ZZ ní nǹkan tó wú bí ọ̀dùnkún lábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó omi pa mọ́ sí, snake plant ń kó tiẹ̀ sínú ewé ẹ̀ tó nípọn, ìyẹn ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè rìnrìn àjò kẹ́ ẹ dé kẹ́ ẹ bá wọn láàyè. Ẹ jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ gbẹ délẹ̀ kẹ́ ẹ tó bomi sí i, ìkòkò tí wọn ò lu nídìí ẹ má rà á bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ má sì da omi sáàárín ewé snake plant, ó máa jẹrà.

Snake plant na ZZ tó bá di ká bí sí i. Á yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó kàn gé e kúrò ni, ẹ ó gbìn ín síbòmíì. Tẹ́ ẹ bá fi ewé ZZ gún ilẹ̀, ó máa hù lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ oṣù lẹ máa fi dúró. Snake plant ò sì gba àyè, òkè ló ń lọ.

Àwọn tó ń sọ pé snake plant máa ń fọ atẹ́gùn ilé mọ́, ìwádìí NASA ti 1989 ni wọ́n ń tọ́ka sí, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n sì ti ṣe é, ilé téèyàn ń ṣí wíńdò ẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rà á torí pé ó rẹwà, ìyẹn tó.

Tẹ́ ẹ bá ní ológbò, ajá tàbí ọmọ tó ń kó nǹkan sẹ́nu, ẹ gbé méjèèjì síbi tọ́wọ́ wọn ò ti ní tó o, jíjẹ ọ̀kankan nínú wọn ò dáa.

Èmi o, ZZ ni màá mú tó bá jẹ́ ìkan ṣoṣo, torí ọ̀pọ̀ páálọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ò tó nínú ẹ̀. Ẹni tí wíńdò ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kó gbé snake plant elétí yẹ́lò yẹn, á gbádùn ẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ tẹ ìdí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá ti rọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.