Ṣọ́ọ̀bù yìí mọṣẹ́, gáirò Cessna wa ti padà bọ̀ sípò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàlúù àtijọ́ lágbègbè Houston, ẹ gbé e wá síbí o, mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Cessna 172 ọdún 1964 lèmi àtọ̀rẹ́ mi jọ ni, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì Continental O-300, DG ẹ̀, ìyẹn aago oní-gáirò tó yẹ kó máa sọ ibi tá a kọjú sí, kàn ń sún kúrò lórí nọ́ńbà ṣáá ni, horizon náà, aago tó ń fi hàn bóyá bàlúù tẹ̀ àbí ó wà gbọọrọ, á tẹ̀ sápá kan nígbà tí bàlúù wà gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ géèjì vacuum, tó ń wọn bí pọ́ọ̀ǹpù ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó ń yí gáirò wọn, ń sọ 5, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Ibi tá a kọ́kọ́ gbé e lọ ní ká lọ ra pọ́ọ̀ǹpù tuntun.

Bàbá tó ni ibí ò tíì fọwọ́ kan sípánà tó fi bi wá pé ṣé lójijì ló bẹ̀rẹ̀ àbí díẹ̀díẹ̀. A ní díẹ̀díẹ̀. Ó ní ká má tíì fọwọ́ kan pọ́ọ̀ǹpù nígbà náà, torí pọ́ọ̀ǹpù gbígbẹ, èyí tí kì í lo ọ́ìlì, carbon ni wọ́n fi ṣe abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀, tó bá máa kú ó sábà máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, géèjì á sì já sí òdo. Èyí tó bá ń yọ́ wọlé, ìdọ̀tí ni, tàbí họ́ọ̀sì tó ń jò, tàbí bẹ́rìn inú gáirò fúnra ẹ̀ tó ti jẹ.

Ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, gáirò inú aago méjèèjì yẹn, DG àti horizon, dà bí òkòtó táwọn ọmọdé ń ta, tó bá ń yí dáadáa á dúró ṣánṣán, tí eré ẹ̀ bá dín kù á bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Pọ́ọ̀ǹpù ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àpótí aago, afẹ́fẹ́ inú bàlúù á wá gba inú fílítà wọlé rọ́pò ẹ̀, òun ló ń yí gáirò. Bàbá wá so géèjì tiẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn DG gan-an, apá kan síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, apá kejì síbi tó ń gbà jáde, ó táàtì ẹ́ńjìnnì, géèjì tiwa ń sọ 5, tiẹ̀ ò dé bẹ́ẹ̀ rárá! Inú bàlúù ni géèjì tiwa ti ń wọn tiẹ̀, kò rí ohun tí fílítà ń jẹ mọ́ gáirò lọ́wọ́, fílítà ọ̀hún sì ti dúdú kirikiri. Owó kékeré ni fílítà yẹn o.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó débi regulator, èyí tó ń díwọ̀n bí vacuum ṣe máa lágbára tó, ó pààrọ̀ fóòmù ara ẹ̀, torí tíyẹn bá dí, vacuum á lọ sókè, gáirò á máa sáré jù. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ká fetí sílẹ̀. Horizon ń yí lọ wẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, DG ní tiẹ̀ ń kùn, bẹ́rìn ẹ̀ ti jẹ lóòótọ́, ìyẹn ló rán lọ fún àtúnṣe. Mo tún fẹ́ràn pé ó tú họ́ọ̀sì kúrò lára àwọn aago kó tó fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọ àwọn họ́ọ̀sì náà, torí atẹ́gùn yẹn lè ba gáirò jẹ́ pátápátá, kò sì gbà kí wọ́n we téèpù Teflon mọ́ ojú ìdè kankan, èérún ẹ̀ lè wọnú pọ́ọ̀ǹpù.

Ibi tó kù sí ni fóònù, wọn kì í gbé e, DG yẹn náà sì pẹ́ kó tó dé. Mo bi í nípa Garmin G5, aago oníná tó lè rọ́pò DG tàbí horizon, kò fi dandan tà á fún wa, ó kàn ní bátìrì ẹ̀ lè gbé e tó wákàtí 4 tí iná bàlúù bá lọ, mo sì gbà pé ẹni tó bá ń wọnú ìkùukùu yẹ kó ní i.

Ní báyìí, tá a bá fò gbọọrọ fún ìṣẹ́jú 15, DG kì í sún tó dìgírì 3. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé àtúnṣe bàlúù yín dání, torí ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ fílítà gbẹ̀yìn.