Arère ni wọ́n tà fún mi, wọ́n ní ìrókò ni: pátíṣọ̀n onígi tí mo rà n'Íbàdàn

Sátidé kan lóṣù tó kọjá, mo gbálẹ̀ pálọ̀ tán láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ìyẹ̀fun kan ti wà nídìí pátíṣọ̀n. Mo rò pé páúdà ọmọ ni, mo nù ún. Lọ́jọ́ kejì ó tún wà níbẹ̀, òkìtì kéékèèké mẹ́ta lábẹ́ apá kejì gẹ́lẹ́, mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ihò wínníwínní ló kún ara igi. Igi tí wọ́n ní ìrókò ni o! Mo fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ibi tí fáníṣì ò dé, inú ẹ̀ funfun báláú. Orí mi gbóná.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi rà á. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé, Màámi wá bá mi wẹ ọmọ, pálọ̀ ni wọ́n ń sùn, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń bá wọn lórí matírẹ́ẹ̀sì. Kọ́tìnì ò ṣe é lò, fáànù á gbé e sókè. La bá ra alápá mẹ́rin tó ṣe é ká, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gíga, ₦120,000. Mi ò ní parọ́, ó tọ́jú wa. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lójú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbàárín wọn kọjá, lálẹ́ ọjọ́ tá a gbé e dé Màámi fi gèlè wọn kọ́ ọ, wọ́n ní, "Èmi náà ti ní yàrá."

Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí. Ọkọ mi tú apá kan, mo gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọmọbìnrin tó wà níwájú ò gbójú kúrò lára fóònù, ó ní bóyá ilé wa ló ní kòkòrò, mà. Ilé wa! Mo tú ìyẹ̀fun tí mo dì sínú ọ̀rá sórí tábìlì ẹ̀. Ó pe mánija. Mánija ní kí n má bínú, ọyẹ́ ló fà á. Ṣé ọyẹ́ ló ń dá ihò síni nígi? Mo ní kó ka rísíìtì sókè. Ó kà á dé "ìrókò", ó dákẹ́. Aago 10 ni mo débẹ̀, aago 12 kọjá mo ṣì wà lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó, èmi abiyamọ.

Bàbá káfíńtà kan ló jáde látẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ kan gbé apá náà, wọ́n ní, "Ìrókò kì í fúyẹ́ báyìí, ọmọ mi. Arère nìyí." Lójú mánija! Wọ́n ní ihò tí mo rí yẹn, ojú ọ̀nà tí kòkòrò gbà jáde ni, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́ nínú.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè bàbá yìí gbé pákó ìrókò látọjà pákó Bódìjà wá sílé wa, ṣọ́ọ̀bù ló sanwó ẹ̀. Wọ́n gbé pákó lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ní tó bá tutù, kò tíì gbẹ nìyẹn, tọ́yẹ́ bá dé á sún kì. Wọ́n pààrọ̀ apá méjì, wọ́n fi síríǹjì rọ oògùn sínú ihò àwọn tó kù, wọ́n kun fáníṣì dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí kòkòrò míì má ráyè yé ẹyin síbẹ̀. Wọ́n tún kọ́ wa pé ká má nà án tọ́ọ́rọ́, ká ṣẹ́ ẹ kọ́lọkọ̀lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ tó ń rá á fà á lulẹ̀ lé ara ẹ̀. Mo gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹun, wọ́n súre fún ọmọ. Inú mi rọ̀.

Bàbá ní arère kì í ṣe igi burúkú, ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́, oògùn ló ń fẹ́. Mo gbà. Kí wọ́n pè é lórúkọ ẹ̀ ká sì sanwó arère. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé e wò, ẹ ha ìdí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ igi sínú rísíìtì, òun ló gbà mí.

Títí dòní mánija ò tíì bẹ̀ mí fún irọ́ tó pa, mi ò sì ní padà lọ ra nǹkan níbẹ̀. Síbẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí bàbá káfíńtà ṣe, máàkì 4 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Apá méjì tó jẹ́ arère ṣì wà níbẹ̀, mò ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí wọn láràárọ̀, mi ò tíì rí ìyẹ̀fun.