Orúkọ òwò tàbí kọ́ńpìnì: èwo ló yẹ òwò ẹbí?

Orúkọ òwò ni ọ̀pọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà máa ń fi sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnì sílẹ̀), torí owó rẹ̀ kéré. Àmọ́ lójú òfin, òwò yẹn àti ẹni tó ni ín, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí bèkárì bàbá bá jẹ gbèsè ìyẹ̀fun, ilé tí bàbá ń gbé àti mọ́tò rẹ̀ lè bá a lọ.

Ní ti kọ́ńpìnì, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ gbèsè, àyàfi bí bàbá bá ṣe onídùúró fún un (báǹkì kì í gbàgbé láti bèèrè ìyẹn). CAMA, òfin kọ́ńpìnì ti ọdún 2020, sì gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnì sílẹ̀.

Ọjọ́ tí bàbá bá kú ni ìyàtọ̀ máa ń hàn jù. Pẹ̀lú orúkọ òwò, ààrò búrẹ́dì, owó báǹkì, gbogbo rẹ̀ di ogún. Ọmọ ìyáálé àti ọmọ ìyàwó á máa fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Pẹ̀lú kọ́ńpìnì, ṣíà bàbá (ìpín tó ní nínú kọ́ńpìnì) nìkan ni wọ́n máa pín, iṣẹ́ á máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìwé ilẹ̀ wò: bó bá ṣì wà lórúkọ bàbá, kọ́ńpìnì ò ní in.

Ìròyìn ọdọọdún fún CAC, méjèèjì ló jẹ ẹ́. Ẹni tó ń dá ata tà, orúkọ òwò tó o. Ilé olórogún tó ń yáwó? Kọ́ńpìnì ni màá mú.